Àpótí Màmá Kò Pàdé

Gbé àwo yẹn kúrò lórí ayùn mi, Marlys. Gbé e kúrò. Irin ni orí tábìlì ayùn yẹn, irin tí mo fi ìda pa láàárọ̀ yìí, ìdí àwo rẹ sì ti ń làágùn, kí n tó ṣẹ́jú yóò ti fi òrùka ìpẹtà sílẹ̀ níbẹ̀, èmi ni n ó sì máa fi yanrìn gbo ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbé e sórí àpótí irinṣẹ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní í ṣí i wò, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, kéèkì ọlọ́sàn kíkan ni, òun náà lo gbé wá nígbà tí ọkọ rẹ fi mọ́tò wó òpó àpótí lẹ́tà mi, òun náà lo gbé wá nígbà tó ṣèlérí pé òun ń bọ̀ wá kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi tí kò yọjú. Ẹ̀ṣẹ̀ Wendell kì í wọ ilé yìí láìjẹ́ pé kéèkì ṣíwájú rẹ̀. Kí ló tún ṣe báyìí tí ìwọ fi wá? Má wulẹ̀ sọ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Bọ̀dá Norris ti pè mí.

Lánàá ni wọ́n pè, láti Duluth tí wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú mọ́ lórí àpótí eérú Màmá. Wọ́n ní ilé ìsìnkú ní ìwé kan tí àwòrán àpótí eérú kún inú rẹ̀, pé dúdú dídán kan wà níbẹ̀ tó wu àwọn, pé bí a bá ti bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn lónìí, yóò dé kí ó tó di Sátidé. Mo ní ta ló sọ fún yín pé mò ń da ara mi láàmú. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n wá ní Wendell pe àwọn ní Mọ́ńdè, pé Wendell ní ojú Ardis ti ń lọ, ọwọ́ Ardis kò dúró mọ́, pé ó dun òun láti sọ ọ́. Ó dùn ún. Ṣíọ̀. Ọkùnrin tí kò lè gé igi méjì kí wọ́n gùn bákan náà, òun ni ojú mi ń dùn.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí Màmá sọ, nítorí ó jọ pé èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ nínú ilé yìí. Orí ibùsùn ni wọ́n wà, ìwọ lò ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ àpótí rírà. Wọ́n ní kí Ardis fi igi ápù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì wó ṣe é, kí ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ, nítorí ọmọ mẹ́jọ ni àwọn bí, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má baà sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ rẹ́rìn-ín, o bèèrè ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ tìrẹ, wọ́n ní èyí tó bá kọjú sí ilé ìdáná. Ṣé mo parọ́? Láti oṣù kejì tí a ti sun òkú wọn ni eérú wọn ti wà nínú agolo lórí pẹpẹ nínú ilé mi, tí a ń dúró kí ilẹ̀ tó dì bí òkúta yọ́, bí gbogbo òkú ìgbà òtútù ìlú yìí ṣe ń dúró. Ilẹ̀ ti yọ́. Sátidé tí a ó sin wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọkọ rẹ wá fẹ́ kí a kó ìyá ọmọ mẹ́jọ sínú ike dúdú dídán.

Igi yẹn, o mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ ti jẹrà tán kí ìjì tó wó o. Pákó méjì péré ni mo rí là lára rẹ̀ tí kò ní ihò, méjì, wọn kò fi nǹkan kan gùn ju apá mi lọ. Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ kí wọ́n gbẹ lábẹ́ àjà yìí. Ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kan fún ìdí àti ìdérí. Mo fẹ́ kí àpótí náà fẹ̀, kí ó má ga, bí àwo tí Màmá fi ń yan ápù, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ sì ti ara pákó kan ṣoṣo wá, ní títẹ̀lé ara wọn, kí ìlà ara igi lè máa ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì títí yóò fi yí po, bí ẹni pé ńṣe ni a ká igi náà ká. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹ̀gbẹ́ kan tí a lè jù nù kí a fi òmíràn dípò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ, orí méjì méjì, ó di orí mẹ́rìndínlógún tí a óò gé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní dígírì méjìlélógún àti ààbọ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì yà, ìdá kan péré, ohun tí ojú ènìyàn kò lè rí, nígbà tí o bá fi máa yí i po yóò ti ju dígírì kan àti ààbọ̀ lọ, orí tó kẹ́yìn kò sì ní í bá orí àkọ́kọ́ pàdé.

Kò pàdé. Òun ló wà níwájú rẹ yẹn, tí mo fi téèpù dè yẹn. Wo ẹnu rẹ̀. Owó ẹyọ méjì tí mo lẹ̀ mọ́ra wọlé síbẹ̀. Ẹnu tí ń yọ ṣùtì sí mi láti Mọ́ńdè.

Ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí ọkọ rẹ yọ wọlé lọ́sàn-án Mọ́ńdè, láìkànkùn, pẹ̀lú ife kọfí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó di ojú kan, ó fi ìkejì yọjú láàárín ibi tó là yẹn bí ẹni ń wo ihò kọ́kọ́rọ́. Ó nàró. Ó ní, “Ó dára, Ardis. Ó yàtọ̀.” O gbọ́ ohun tó sọ? Ó yàtọ̀. Bí ènìyàn bá sọ fún mi pé ó burú, a ó jọ jà á, yóò sì tán. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí, ta ló lè bá “ó yàtọ̀” jà? Òun ni wọ́n sọ nípa ọbẹ̀ ẹja tí ìyàwó pásítọ̀ gbé wá sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún yẹn, láti ọjọ́ náà ǹjẹ́ ẹnì kan tún ti rí ọbẹ̀ náà? Ó mu kọfí rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ lù mí léjìká, ó lọ sílé lọ pe Bọ̀dá Norris. Léjìká. Bí ẹni ń tu ẹṣin arúgbó nínú.

Ojú mi kọ́. Ọwọ́ mi kọ́. Géèjì mi ni, irin tí a fi ń ti pákó lọ sẹ́nu ayùn kí igun rẹ̀ lè péye. Ọkọ rẹ ni mo sì yá a fún.

Dúró, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ra géèjì yẹn. Èyí tó bá ayùn wá, irin yẹpẹrẹ kan ni, ó ń mì nínú ipa tó ń gbà lórí tábìlì ayùn bí eyín ọmọdé tó fẹ́ jábọ́, bí o bá fi ti igi lọ sẹ́nu ayùn lẹ́ẹ̀mejì, igun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo máa gé. Mo wọn ìbú ipa tó wà lórí ayùn mi, mo kọ ọ́ sórí páálí, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà á gbé aláwọ̀ wúrà kan wá fún mi, ó ní ó ní àmì tó lé ní ọgọ́rùn-ún lójú. Mo ní àmì kọ́ ni mo wá rà. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún àmì ṣe, nígbà tí igun mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a ń gé ní gbogbo ayé wa? Mo ki ọ̀pá ìdí rẹ̀ bọ inú ipa ayùn tí wọ́n gbé síta, mo fi ọwọ́ tì í sọ́tùn-ún sósì, ó mì. Mo dá a padà. Mo gbé òmíràn, ó mì. Ẹ̀kẹta ni mo rà, kò dán rárá, dúdú bí irin ìdáná. Ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ní síkúrù kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń mú kí ó sanra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kún ipa ayùn, tí yóò máa yọ̀ lọ tí yóò máa yọ̀ bọ̀ láìmì. Orí rẹ̀ sì ní ihò fún igun kọ̀ọ̀kan, èèkàn irin kan a bọ́ sínú ihò náà, a dún “tó”, o ó gbọ́ ọ létí rẹ. Àmì lè tan ojú jẹ. Ihò kì í tan ẹnikẹ́ni.

Oṣù kan náà ni Wendell lọ ra aláwọ̀ wúrà yẹn. Mo sọ fún un. Mo ní ó ń mì. Ó ní ṣùgbọ́n ó bá mọ́tò òun mu.

Ìdí tó fi wá tọrọ tèmi nìyẹn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ó fẹ́ ṣe férémù fèrèsé ilé yín létí adágún. Kò sì tọrọ rẹ̀ bí ènìyàn. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn gáréèjì yìí, ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ẹja, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní ó yẹ kí òun máa lọ tí kò lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára òpó ilẹ̀kùn. Nígbà tó tó ogójì ìṣẹ́jú tí atẹ́gùn ti ń wọlé pa mí ló wá sọ ọ́, bí ẹni pé ó kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, pé bí kò bá ni mí lára, ọjọ́ kan péré. Kí ni mo fẹ́ sọ? Nínú gbogbo ọdún tí o ti ń gbé ìlú yìí, ta lo gbọ́ tó sọ pé rárá? Mo fún un. Mo sì sọ fún un, mo fi ìka tọ́ka sí i, mo ní ayùn kan ni géèjì ń sìn, èyí ti mọ ayùn mi, má yí nǹkan kan níbẹ̀, bí kò bá wọ ipa tìrẹ dá a padà. Ó ní há, Ardis, mo mọ̀.

Ọjọ́ kan di ọjọ́ méjìdínlógún. Tọ́sìdeè tó kọjá ni mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, nínú táwẹ́ẹ̀lì funfun, pẹ̀lú ìgò jáàmù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì mọ́ lóló, ó mọ́ ju ọjọ́ tí mo rà á lọ. Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn. Kí ni Wendell nù mọ́ rí láyé rẹ̀? Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́ ló máa ń nu ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ni mo wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wo igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo gbé kọ́ sórí ìṣó yẹn, mú un wá. O mú pákó kan tí kò wúlò, o gé ẹ̀gbẹ́ kan. O gbé ojú tí o gé yẹn ti géèjì, o gé ẹ̀gbẹ́ kejì. O tún yí i. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ìwọ yóò padà sórí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́, o ó gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò lára rẹ̀, òun nìyẹn. Àṣìṣe géèjì yóò ti di ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó débẹ̀, kò lè sá pamọ́ mọ́. Fi ìka pa á láti ìsàlẹ̀ dókè. Ṣé o mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń sanra lọ? Ó nípọn lórí kan, ó fẹ́lẹ́ lórí kejì. Ojú arúgbó ló ṣe ìyẹn? Ọwọ́ tí kò dúró ló ṣe é? Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra.

Kí lo wí?

Tún un sọ, n kò gbọ́ dáadáa.

O fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gé igi Màmá.

Ìwọ tí o kò mọ ẹnu ayùn yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, ìwọ lò ń bi mí léèrè. Ogójì ọdún ni mo ti ń dúró nídìí ayùn. Èmi ni mo ń sọ fún gbogbo àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n má gba géèjì kankan gbọ́ títí yóò fi gé nǹkan kan tí kò já mọ́ nǹkan fún wọn ná. Èmi. Mo kọ ọ́ sára ògiri fún wọn.

Rárá. N kò dán an wò.

Ó ti ọ̀dọ̀ yín dé, mo tú u nínú táwẹ́ẹ̀lì, mo gbé e sínú ipa rẹ̀, èèkàn bọ́ sínú ihò, tó, mo sì gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ ọ. Pákó Màmá wà lọ́wọ́ mi, mo dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń rò ó pé ẹ̀gbẹ́ yìí ti Norris, ẹ̀gbẹ́ yìí tèmi. Mo gé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìwẹ̀yìn. Inú tó ń bí mi yìí, ìdajì rẹ̀ sí ara mi ni. Má sọ ìyẹn fún ọkọ rẹ.

Ṣùgbọ́n ìdajì yòókù ńkọ́? Ta ló yí i? Síkúrù ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, mo ti wò ó, kò mì. Èèkàn wà bó ṣe wà. Bóyá ó jẹ́ kí ó já lulẹ̀. Bóyá ó lọ́ irin gbọọrọ iwájú yìí tí pákó ń fara tì. Fún mi ní ìdè-síkúrù yẹn, èyí tó ní ẹnu pẹlẹbẹ, jẹ́ kí n tú irin náà kúrò níṣojú rẹ, kí o lè lọ jẹ́rìí. Síkúrù méjì péré ló dì í mú. Ó rọ̀. Ó rọ̀ jù. Èmi kọ́ ni mo dè é báyìí.

Níbo ni téèpù mi wà?

Téèpù kan wà lẹ́yìn irin yìí tẹ́lẹ̀, níhìn-ín, ìpele méjì, mo lẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo rà á. Kò sí géèjì kan tó ń ti ilé iṣẹ́ dé tó gún régé, gbogbo wọn ló ń fi díẹ̀ yà, ìpele méjì yẹn ló mú díẹ̀ náà kúrò. Òun ni géèjì náà gan-an. Irin lásán ni ìyókù. Wo ojú ibẹ̀, ó ń dán. Téèpù ọlọ́dún mẹ́sàn-án kì í bọ́ fúnra rẹ̀, ènìyàn ló ha á. Ṣùgbọ́n Wendell kò lè tú irin yìí, kò tilẹ̀ lè mọ̀ pé ó ń tú.

Marlys. Kí ló dé tí o ń wo bàtà rẹ?

Ìwọ.

Ọ̀bẹ wo? Ọ̀bẹ ìbọ́tà. O fi ọ̀bẹ ìbọ́tà tú géèjì mi lórí tábìlì oúnjẹ rẹ. Nítorí pé ìyẹ̀fun pákó ti ṣù sínú rẹ̀. Nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti dá nǹkan onínǹkan padà ní dídọ̀tí, nítorí pé Màmá kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni. Màmá kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àwo tí a bá yá, kí ó mọ́ ju bí a ṣe gbà á lọ kí ó tó padà, kí nǹkan dídùn kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. O rí téèpù kan tó ti dúdú, tí etí rẹ̀ ti ká, o rò pé ìdọ̀tí ni, o fi èékánná ha á kúrò, o fi ọṣẹ abọ́ wẹ irinṣẹ́ mi bí ọmọ ọwọ́, o nù ún gbẹ, o dè é padà, o wé e. Wendell kò sì mọ̀. O kò mọ̀ pé òun ló ba iṣẹ́ mi jẹ́ títí di ìgbà tí mo bèèrè téèpù yìí. Mo gbà ọ́ gbọ́. O kò mọ irọ́ pa láti kékeré.

Jókòó. Mo ní kí o jókòó, má ṣe gbá mi mọ́ra, inú ṣì ń bí mi. Ọlọ́run ń wò mí, bí ẹlòmíràn ni, n kò ní í bá a sọ̀rọ̀ títí yìnyín yóò fi padà dé. Ọkọ rẹ kò fi ọwọ́ kan géèjì mi, mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ló fi ẹnu kàn. Ìyẹn kò sí lára ohun tí ọṣẹ ṣe.

Téèpù rèé. Ìpele kan. Ìpele méjì. Irin padà, síkúrù, dáadáa. Èèkàn. Bo etí rẹ. Mò ń gé pákó tí kò wúlò, Marlys, o rí i? Ìgbà yìí, mò ń gé pákó tí kò wúlò.

Ẹ̀karùn-ún nìyẹn. Gba igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Gba irin ìwọ̀n. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wọ̀n ọ́n, ìwọ tí ojú rẹ kò tí ì lọ. Kí ni orí yìí kà? Orí kejì ńkọ́?

Ọ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, mo fẹ́ kí ó ti ẹnu rẹ jáde ni.

Pákó kejì Màmá ló wà lábẹ́ aṣọ níbẹ̀ yẹn. Òun ni n ó fi ṣe ẹ̀gbẹ́ báyìí, àwọn tó bàjẹ́ yìí ni n ó lẹ̀ pọ̀ fún ìdí àti ìdérí. Bí gọ́ọ̀mù bá gbẹ lọ́la, ó ku Fráìdeè fún òróró. Ó tó. Ṣùgbọ́n n kò ní í fi ọwọ́ kàn án tí Bọ̀dá Norris bá ṣì wà ní Duluth tí wọ́n ń ṣí ìwé àwòrán yẹn. Gba fóònù mi. Orúkọ wọn ló wà lókè pátápátá. Má bẹ̀rẹ̀ látorí ojú ọjọ́. Má bèèrè orúnkún wọn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má ra nǹkan kan lọ́wọ́ ilé ìsìnkú. Sọ ohun tí o fi ọ̀bẹ ìbọ́tà ṣe, má gé e kúrú. Lẹ́yìn náà kí o sọ pé kò sí ohun tó ṣe ojú Ardis, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀, kí o ní kí wọ́n pe Wendell fúnra wọn kí wọ́n sọ fún un. Sọ ọ́ ketekete, nítorí wọn kì í gbọ́ dáadáa ní etí òsì.

Wọ́n ti gbé e. Sọ̀rọ̀, Marlys. Mò ń gbọ́.